Ọgbà Pẹpẹ Tó Di Ọgbà Adìẹ

Vincent Quilty, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, àgbẹ̀ tó ti fi oko àlìkámà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n tún yàn ní alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Brendan Mímọ́ ní Koorabin, ìlú àgbẹ̀ kékeré kan, ní Sọ́ńdè kan. Kì í ṣe pé ó du oyè náà. Ó kàn jáde lọ tọ̀ ni. Kó tó fi orúnkún tó ń dùn ún wọ́ ara rẹ̀ padà wọlé, wọ́n ti dìbò tán, wọ́n ti ń bu tíì.

"Ta ló yàn mí?" ni Vin bi wọ́n.

"Gbogbo wa ni," ni Merle Brosnan dá a lóhùn. Merle ni akọ̀wé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó sì ti lo ọdún márùndínláàádọ́ta nídìí ìwé ìpàdé yẹn. Òun náà ló ń to òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, òun ló ń fọ aṣọ Fada. "Ẹni tí àpòòtọ̀ rẹ̀ ò lè gbé e fún wákàtí kan ló yẹ nípò alága. Ìpàdé wa ò ní máa pẹ́ mọ́."

"Ìwọ obìnrin yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé pósí mi jáde, wàá ní nǹkan tí wàá sọ."

"Màá ní kí wọ́n yára. Òdòdó kì í pẹ́ rọ ní Koorabin."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán sí, Vin ì bá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, ì bá sì sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n Fada Jijo gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan.

Kerala ní ilẹ̀ Índíà ni wọ́n ti bí Fada Jijo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún ló sì ń bójú tó, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán. Ó fa àwòrán àtijọ́ kan yọ nínú àpò, èyí tó rí lẹ́yìn àpótí aṣọ Mísà. Àwòrán ìgbéyàwó ni. Vin fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun dúdú lórí, àti Dympna ìyàwó rẹ̀, olóògbé báyìí. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sídìí ọgbà pẹpẹ, ìyẹn ọgbà igi tó ga dé ìbàdí, níbi tí gbogbo ìjọ ti ń kúnlẹ̀ gba Ara Olúwa láyé ọjọ́un.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yìí," ni Fada wí. "Igi tó le bí irin, wọ́n gbẹ́ ṣírí ọkà àti èso àjàrà sí i lára. Mo fẹ́ kó padà sí ààyè rẹ̀. Níbo ló wà?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Vin. Ọkùnrin mẹ́rin ló tú ọgbà náà lọ́dún 1971, ìyẹn ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn. Mẹ́ta ti wà ní itẹ́ òkú lẹ́yìn àká àlìkámà, Vin ló kù.

"Mo ti sun ún, Fada," ni Vin wí.

"Ó wà nínú ìwé," ni Merle wí láìgbé ojú sókè. "'Ọ̀gbẹ́ni Quilty ròyìn pé òun ti sun ún, ìgbìmọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.' Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́." Ó ń ro tíì rẹ̀ lọ, ó ń ro ó bọ̀, bẹ́ẹ̀ Merle kì í fi ṣúgà sí tíì.

Fada Jijo mi orí. "Irú igi báyìí, bóyá ẹnì kan yọ díẹ̀ pa mọ́. Mo ti ń gbèrò pé kí n máa lọ bùkún ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá máa bi yín níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ, ilé alága ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

Vin mu tíì rẹ̀, ó gbóná jù, ó gbé e mì bẹ́ẹ̀. Nítorí ọgbà pẹpẹ Brendan Mímọ́ kò jóná rárá. Ó dúró gbọnin lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó yí adìẹ méje àti àkùkọ kan ká. Tí Fada bá fi ojú kàn án, wọn á tú u lọ, gbogbo Koorabin á sì mọ̀ pé alága wọn ti ń purọ́ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì wọ ilé ìwé. Irọ́ yẹn ò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Títú lọ yẹn ló ń dùn ún.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ ká mọ irú ẹni tí Vin jẹ́ nínú ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ọmọ pẹpẹ ni. Òun ló máa ń di àwo wúrà mú sábẹ́ àgbọ̀n àwọn tó kúnlẹ̀, kí Ara Olúwa má baà já bọ́. Fún ọdún márùn-ún, ó rí ahọ́n gbogbo ìlú. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ń yangàn níwájú rẹ̀, Vin á rántí ahọ́n bàbá onítọ̀hún, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ó mọ Látìn sórí bí ayékòótọ́, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àyípadà dé bá Mísà, tí Fada ayé ìgbà náà kọjú sí ìjọ, tí wọ́n ń fi èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí ka Mísà, ọjọ́ kìíní tó gbọ́ ọ, ó sunkún nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó dùn báyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú àwọn tó ní kí wọ́n tú ọgbà náà. "Kí ni odi ń ṣe láàárín èmi àti Ọlọ́run?" ló bi wọ́n nípàdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó gbé e lọ sí ààtàn. Ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀, Dympna jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi dé oríta tí wọ́n ti ń yà sí ààtàn.

"Ibẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí tí mo fi fẹ́ ẹ, Vin," ni Dympna wí, ó ń wo iwájú.

Vin kò yà. Ó wa ọkọ̀ lọ tààrà dé ilé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti jẹ adìẹ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n kúkú ń wá igi ọgbà. Bí ọgbà pẹpẹ ṣe di ọgbà adìẹ nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni ìjọ ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ẹja tí wọ́n ń jẹ dípò ẹran ní Fúráìdé lọ. Gìtá dé, gìtá lọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n tún yí ọ̀rọ̀ Mísà padà. Bí Fada bá wí pé, "Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín," gbogbo ìjọ á dáhùn pé, "Àti pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ." Vin á ti sáré sọ tirẹ̀ ṣáájú wọn, sókè ketekete: "Àti pẹ̀lú ìwọ náà!" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti bí ogójì ọdún nìyẹn.

"Ẹ̀mí rẹ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Látìn," ló sọ fún Merle nígbà tó bá a wí. "Wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù, mo sọ ọ́ nù. Wọ́n tún ní kí n lọ ṣà á wá. Èmi kì í ṣe ajá."

"Ajá a máa gbọ́ràn," ni Merle fèsì.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Vin fi ń ronú ọ̀nà tó máa gbà bọ́ nínú ọ̀ràn ìbẹ̀wò Fada. Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun fi tapólì bo ọgbà náà. Àkùkọ gun orí tapólì náà, ó ya á. Ó rò ó pé kóun kùn ún ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n nígbà tó mú búrọ́ṣì dé ibi àjàrà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ọjọ́ kẹrin ni ọgbọ́n sọ sí i lọ́kàn, nígbà tó ń da oúnjẹ fún adìẹ, ó sì rẹ́rìn-ín títí adìẹ fi sá.

Ọmọ pẹpẹ àtijọ́ mọ òfin. Ohun tí Fada bá gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó ti wọ inú kànga. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ bá ẹni tó jẹ́wọ́ dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà, àfi tónítọ̀hún bá gbà á láyè. Bí Vin bá tètè jẹ́wọ́ ọgbà náà, Fada lè wá bùkún ilé, kó rìn yí adìẹ ká nígbà méje bí ìgbà tí wọ́n yí odi Jẹ́ríkò ká, kò ní lè béèrè ohunkóhun.

Ní Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Vin wọ inú àpótí ìjẹ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ agbálẹ̀ àti òdòdó ọ̀rá ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Fada Jijo ló kó wọn jáde.

"Ẹ bùkún fún mi, Fada, torí mo ti ṣẹ̀. Ó ti tó oṣù méje tí mo jẹ́wọ́ kẹ́yìn." Ó fi àwọn wẹ́wẹ́ ṣáájú: èébú tó bú ẹyẹ kan, ayò kan tó rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ, ìlara ọkọ̀ tuntun aládùúgbò. "Mo sì purọ́ nípàdé. Mo ní mo sun ọgbà pẹpẹ. Mi ò sun ún. Ó wà lẹ́yìnkùlé mi. Adìẹ ló ń sùn lórí ẹ̀."

Níbi tí Fada wà, nǹkan kan dún bí ìgbà téèyàn bá fi aṣọ di ẹnu.

"Adìẹ mélòó?"

"Méje, Fada. Àti àkùkọ."

"Ohun mímọ́ ni ọgbà yẹn, bàbá. Bíṣọ́ọ̀bù ló yà á sọ́tọ̀."

"Adìẹ ò mọ̀, Fada."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí níbikíbi."

"Mo mọ̀, Fada."

"Tí mo bá sì dé ilé yín, mi ò ní lè wo apá ibẹ̀."

"Òfin ìjọ ni, Fada. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Hùn-ún," ni Fada wí. "Ẹ ò gbọ́n níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tú u. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e pa mọ́ tó báyìí?"

Vin kò múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

"Ìyàwó mi," ló wí nígbà tó yá. "Láàárọ̀ ó máa ń lọ kó ẹyin. Ó máa ń pẹ́. Mo rò pé ó lọ́ra ni. Lọ́jọ́ kan mo lọ wò ó. Ó da agolo karosíìnì dojú dé, ó kúnlẹ̀ lórí ẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ọgbà yẹn, adìẹ kan wà lápá ọ̀tún ẹ̀. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn padà. Mi ò sọ fún un pé mo rí i, títí ó fi kú. Ọdún mẹ́fà rèé. Ibi ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ṣì ń dán, Fada. Odi ni mo pè é nípàdé. Òun ń lò ó bí tábìlì."

"Ta lẹ purọ́ fún lọ́dún 1971?"

"Ìgbìmọ̀ ni. Wọ́n ti kú tán." Inú Vin dùn pé wọ́n ti kú tán. Lẹ́yìn náà inú rẹ̀ ò dùn mọ́. "Àfi Merle."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ìrònúpìwàdà yín ni pé kẹ́ ẹ lọ sọ òtítọ́ fún Merle."

"Fada, ẹ fún mi ní Rósárì. Ẹ fún mi ní mẹ́wàá."

"Merle."

"Téèyàn bá sọ nǹkan fún Merle, rédíò ló sọ ọ́ fún."

"Mo gbọ́ pé kéèkì rẹ̀ dùn," ni Fada Jijo wí, ó sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í.

Ó di Túsìdeè kí Vin tó kan ilẹ̀kùn Merle. Merle ń fi kírímù wàrà sáàárín kéèkì fúlẹ́fúlẹ́ kan, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Vin kò jókòó. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti oríta ààtàn dé orí tapólì tó ya. Merle ò dá ọwọ́ dúró.

"O ti sọ ọ́ tán?"

"Mo ti sọ ọ́ tán."

"Vin, adìẹ mélòó ni Dympna máa ń sìn?"

"Méje. Kì í ju méje lọ."

"Obìnrin mélòó ló máa ń wá gba ẹyin lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Fúráìdé kìíní oṣù?"

Vin ronú. Fúráìdé ni ọjọ́ ọjà àgùntàn, kì í sábà sí nílé, ṣùgbọ́n ó máa ń pàdé wọn lọ́nà. "Ẹ máa ń tó mọ́kànlá."

"Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé páálí ẹyin méjìlá. Ìwọ àgbẹ̀, o ò ṣírò ẹ̀ rí?"

Vin wò ó. Ó wo kéèkì. Ó tún wò ó.

"Òfìfo ni àwọn páálí náà," ni Merle wí. "Dympna ló ní ká máa rọra gbé e, bí ẹni gbé ẹyin, torí ìwọ. Rósárì là ń kà níbẹ̀. Ogójì ọdún ó lé. Nígbà tí ẹ̀yin ọkùnrin tú ibi tá à ń kúnlẹ̀ sí, ọ̀sẹ̀ kejì gan-an ló ti pè wá."

"O jókòó nípàdé, o kọ ọ́ sínú ìwé pé mo sun ún!"

"Mo kọ pé o *ròyìn* pé o sun ún. Èmi kì í purọ́ sínú ìwé."

Vin wá àga, ó jókòó. "Lẹ́yìn tó kú, ẹ̀yin mẹ́rin ṣì ń wá. Mo rò pé àánú mi lẹ ń ṣe. Mo rò pé ẹ̀ ń wá bá mi fún adìẹ lóúnjẹ."

"A tún máa ń fún wọn lóúnjẹ. Àkùkọ ẹ ò dáa."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Merle gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ wàyí. "Ó ní o rò pé ò ń pa àṣírí mọ́ fún òun, inú ẹ sì dùn sí i. Ó ní ká má bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àti ọjọ́ tó o wá yọjú wò ó, ó gbọ́ ẹ. Ó ní o rò pé ò ń rọra rìn, òkú á jí sí i."

Vin bojú wo inú fìlà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Obìnrin burúkú," ló wí.

"Ó burú gan-an," ni Merle gbà. Ó gé kéèkì fún un, ó gé e nípọn.

Vin jẹ ẹ́ dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Mo ti pinnu. Màá tú u ní Sátidé, màá fọ̀ ọ́, màá gbé e padà fún Fada. Kó parí síbẹ̀."

Merle tún gbé ọ̀bẹ. "O ò ní fọwọ́ kàn án."

"Fada ló ni ín!"

"Nígbà tẹ́ ẹ tú u kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò bi wá. Ní báyìí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e padà, ìwọ àti Fada, ẹ ò tún bi wá. Ayé yí padà, ẹ ò bi wá. Ayé fẹ́ yí padà síbi tó wà, ẹ ò bi wá. Àwa nìkan la ò ṣíwọ́ lílò ó, Vin. Orúnkún wa ló ni ín."

Láti ọdún 1971 ni Vin ti ń pariwo ẹ̀tọ́ ìjọ. Ohun tóun náà sọ nípàdé ọjọ́un nìyí gan-an, orúnkún ni kò ronú kàn. "Kí wá ni ká ṣe?"

Merle nu ọwọ́, ó gbé fóònù. Kò bi Vin.

"Fada? Merle ni. Nǹkan kan wà tá a fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò. Ẹ gbé aṣọ Mísà dání, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà òjò… Ilé alága ni… Lẹ́yìnkùlé… Ẹyin, Fada."

Vin na etí. Ó gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe dákẹ́ lápá ọ̀hún, bí ẹni tó ń fi gbogbo agbára di ẹnu ara rẹ̀ mú.

"Ẹyin?" ni Fada Jijo wí níkẹyìn, bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Mo fẹ́ràn ẹyin púpọ̀."

Ìwé tí Merle fi pín iṣẹ́ ti wà lára fíríìjì Vin báyìí. Fúráìdé kìíní Oṣù Kejìlá, aago mẹ́wàá àárọ̀, Mísà ní ọgbà adìẹ. Kó tó di ìgbà náà, Vin ní láti ha gbogbo imí tó wà lórí igi, àmọ́ kò gbọdọ̀ fi kànrìnkàn kan ibi ìgbọ̀nwọ́ Dympna. Ó ní láti yá àgò fún àkùkọ, nítorí Merle ní àkùkọ tó ń kọ nítòsí ẹni tó purọ́ kò dáa níwájú Fada. Agolo karosíìnì Dympna di tirẹ̀ láti kúnlẹ̀ lé lórí. Ẹ̀gbẹ́ Merle ni yóò kúnlẹ̀ sí. Bí Fada bá kí wọn, "Àti pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ" ni kó fi dá a lóhùn, lẹ́ẹ̀kan yìí péré, nítorí àlejò.

Lẹ́yìn Mísà, ìpàdé. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó kù yóò dìbò bóyá kí ọgbà náà padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kó dúró síbi tó wà, Fada yóò jókòó, yóò gbọ́. Alága ni yóò ka ọwọ́. Merle fi ínkì pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé kí alága ti tọ̀ kó tó dé.